Agbádá Bàbá Mi Lábẹ́ Abẹ́rẹ́ Ẹ̀rọ

Ọwọ́ ni bàbá mi fi ń ṣe ọnà sára agbádá títí ojú rẹ̀ fi fọ́. Nínú agboolé wa ní Bẹyẹrunkà, orí ẹní ni í jókòó sí, a tẹ́ aṣọ sórí itan, abẹ́rẹ́ a sì máa wọlé, a máa jáde. Iṣẹ́ tí ó ṣe kẹ́yìn ni agbádá funfun tirẹ̀. Ó ti ṣe àyà òsì dé ibi tí ọnà náà ti ká bí ìkarahun ìgbín kí òkùnkùn tó bo ojú rẹ̀. Ó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí yídì ní Iléyá, ṣùgbọ́n kò gbà kí oníṣẹ́ mìíràn fọwọ́ kàn án. Ó ní ọmọ òun ni yóò parí rẹ̀.

Èmi nìkan ni ọmọ náà. Ìtàn ni mo fi kọ́ni ní yunifásítì títí mo fi fẹ̀yìntì. N kò mọ abẹ́rẹ́ í dì mú. Ìdí nìyí tí mo fi ra ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń lò nínú ilé, irú èyí tí ń fúnra rẹ̀ ṣe ọnà bí a bá ti yan àwòrán lójú rẹ̀. Mo ka ìwé ìlànà rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ka ìwé àtijọ́, n kò sì fo gbólóhùn kan. Mo wá òwú kiri Ọjà'ba títí mo fi rí èyí tí ó bá ti bàbá mi mu gẹ́lẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí mo fi àlòkù bẹ́dṣíìtì dánra wò, òwú lọ́ mọ́ra lábẹ́ aṣọ, ẹ̀rọ sì ń ké. Ìyàwó ilé wa kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

"Ọkọ mi," ó ní, "ṣé ọnà lẹ ní kó ṣe ni, àbí ẹ ní kó jẹ aṣọ?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo tún òwú fà. Nígbà tí ó yá, àwòrán kan jáde tí kò lábùkù, ni mo bá gbé agbádá náà wá.

Nínú ìwé ìlànà, aṣọ tí wọ́n yà kò ju áńkáṣíìfù lọ. Agbádá kì í ṣe ẹgbẹ́ áńkáṣíìfù. Mo fi férémù tí í di aṣọ mú lábẹ́ abẹ́rẹ́ há àyà rẹ̀, mo ká ìyókù sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀rọ náà ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, inú mi sì ń dùn. N kò mọ̀ pé apá aṣọ ti yọ́ wọ abẹ́ férémù. N kò sì rí i pé férémù náà wọ́, tí ọnà tuntun fi ń gun orí ọnà àtijọ́. Nígbà tí mo gbé aṣọ sókè, apá ti rán mọ́ àyà, gbọingbọin.

Mo mú abẹ́ ìfárí láti tú u. Ibi tí apá ti rán mọ́ àyà ni ìkarahun ìgbín wà. Bí mo bá gé òwú ẹ̀rọ, báwo ni n kò ṣe ní gé ti bàbá mi mọ́ ọn? Bàbá mi gbọ́ pé ẹ̀rọ ti dákẹ́. Ó ní kí n gbé aṣọ òun wá.

Ìka rẹ̀ rìn lórí àyà aṣọ náà, ó padà, ó tún rìn.

"Tíṣà," ó ní, orúkọ tí ó fi ń ṣẹ̀fẹ̀ pẹ̀lú mi, "èwo ni tèmi níbẹ̀?"

Mo gbé aṣọ sún mọ́ fèrèsé. Òwú kan náà ni, àwọ̀ kan náà. Èmi ni mo fara balẹ̀ wá a. Ojú mi méjèèjì là, n kò sì dá iṣẹ́ ọwọ́ bàbá mi mọ̀. Mo mú ìka rẹ̀ lọ sí etí ọnà náà lọ́hùn-ún, níbi tí ẹ̀rọ kò dé.

"Èyí ni tiyín, Bàbá."

"Ìyókù ńkọ́?"

Mo ní n óò fi abẹ́ tú u. Ó ní kí n má ṣe fi abẹ́ kàn án, kí n ká a.

Ní àárọ̀ Iléyá, agbádá búlúù kan tí kò lọ́nà lára ni mo wọ̀ fún un. Bí a ti ń rìn lọ síbi ọkọ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún mú. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń wá ìkarahun ìgbín kiri ní àyà òsì aṣọ náà.