Ọjọ́ Tí A Ká Òwú Kúrò Nílẹ̀

Kí ó tó di káńsẹ́lọ̀ wa, abẹ́ àtíbàbà bàbá mi ni ó ti kọ́ iṣẹ́ òfì. Mo kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n mo rántí ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí tí mo bá ń ká òwú fún un. Ó máa ń bá òfì sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ olóríkunkun sọ̀rọ̀: "Ó yá, má dúró, oúnjẹ wà níwájú." Bàbá mi a rẹ́rìn-ín, a ní ẹnu ni ọmọ yìí yóò fi jẹun láyé, kì í ṣe ọwọ́. Bọ̀dá ni mo ń pè é. Bọ̀dá náà ni mo ṣì ń pè é nígbà tí ó ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga dé, tí ó sì sọ pé òun fẹ́ ṣojú wọ́ọ̀dù wa ní ìjọba ìbílẹ̀.

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ òṣèlú. Lọ́dún náà, ó ń ti àtíbàbà kan bọ́ sí òmíràn láàárín àwọn ahunṣọ àdúgbò wa, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó sì ń sọ fún wọn: "Ọmọ ọwọ́ mi ni." Ó tó wọn. Gbogbo wọn ni wọ́n dìbò fún un.

N kò ní parọ́ mọ́ ọn: ó kọ́kọ́ ṣe dáadáa. A kì í ránṣẹ́ pè é kí ó tó wá. Orí ọ̀kadà rẹ̀ ni ó ti ń wo ohun tó bàjẹ́. Nígbà tí gọ́tà ẹ̀yìn ọjà dí, tí omi ẹlẹ́gbin ń wọ inú yàrá àwọn èèyàn, òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣẹ́ sòkòtò sókè tí ó bá àwọn ọ̀dọ́ kó o. Nígbà tí kò sí nọ́ọ̀sì ní ilé ìgbẹ̀bí wa, ó ń lọ jókòó sí ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá láràárọ̀ títí wọ́n fi rí i pé kò ní í sú u, tí wọ́n sì fún wa ní ọ̀kan. Nígbà tí olùkọ́ wa sọ pé kí a kọ àròkọ lórí ẹni tí a fẹ́ fìwà jọ, àwọn ẹgbẹ́ mi kọ nípa dókítà àti awakọ̀ òfuurufú. Káńsẹ́lọ̀ wa ni èmi kọ nípa rẹ̀. Olùkọ́ náà kà á sókè fún gbogbo kíláàsì, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Mo ní láti ṣàlàyé ilẹ̀ náà kí ọ̀rọ̀ mi lè yé ẹni tí kò dé ọ̀dọ̀ wa rí. Iwájú àwọn àtíbàbà wa ni ó wà, ilẹ̀ gbalasa kan tí ó gùn láti ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí dé ẹ̀bá títì tí ó lọ sí Ìgànná. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa lè máa ṣe kàyéfì pé kí ni ahunṣọ ń fi ilẹ̀ gígùn bẹ́ẹ̀ ṣe. Òwú tí a fẹ́ hun kì í jókòó sẹ́sẹ̀ ẹni. Nínà ni à ń nà án jáde síwájú òfì, kí ó gùn bí ojú ọ̀nà, kí a wá so ìpẹ̀kun rẹ̀ mọ́ pákó tí a gbé òkúta lé. Bí a ti ń hun ún ni pákó náà ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ bá mọ ni aṣọ ń mọ. Ahunṣọ tí kò ní ilẹ̀ dà bí àgbẹ̀ tí wọ́n fún ní ọkọ́ tí wọn kò fún ní oko.

Kò sí ẹni tí ó ní ìwé lórí ilẹ̀ yìí. Òwú tí ó wà lórí rẹ̀ ni ó ń jẹ́rìí fún wa. Níwọ̀n ìgbà tí òwú ẹnìkan bá wà nílẹ̀, ọlọ́kadà a sọ̀ kalẹ̀, a ti ọ̀kadà rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Àwọn tí ń gbé òkú lọ sin pàápàá a yà fún un. Nítorí náà, àwọn ahunṣọ kì í jẹ́ kí gbogbo ilẹ̀ náà ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ẹnìkan tí ó sì ká tirẹ̀, ẹlòmíràn a na tirẹ̀ síbẹ̀, ì báà má ní ohun tí yóò hun. Èyí ni wọ́n máa ń kọ́ gbogbo ọmọ iṣẹ́ kí wọ́n tó kọ́ wọn bí a ti ń ju ọ̀kọ̀, igi tí ó ń gbé òwú kọjá, láti ọwọ́ dé ọwọ́. Bọ̀dá kọ́ ọ lọ́dọ̀ bàbá mi.

Ìrọ̀lẹ́ kan ni Bọ̀dá wá bá wa, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Ọ̀gbàrá ti gbẹ́ kòtò sí ojú ilẹ̀ náà káàkiri, òwú àwọn èèyàn sì ti fi ara kó ẹrẹ̀. Ó ní ìjọba ìbílẹ̀ yóò rán katakata wá láti tẹ́ ibẹ̀ pẹrẹsẹ, wọn yóò sì da yangí sí i, òwú kò ní í rí ẹrẹ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni ó bẹ̀ wá sí: kí a ká gbogbo òwú kúrò nílẹ̀ fún ọjọ́ kan.

Ẹni tí ó dàgbà jù nínú àwọn ahunṣọ, tí a ń pè ní Bàbá Àgbà, ni ó kọ́kọ́ lanu. Ó ní kí a ká ìdajì lónìí, kí a ká ìdajì lọ́la.

Káńsẹ́lọ̀ rẹ́rìn-ín. "Bàbá, katakata kì í ṣe ewúrẹ́ tí a lè ní kó jẹ níhìn-ín kó má jẹ lọ́hùn-ún. Bó bá ti wọlé, gbogbo ẹ̀ ló máa gbà."

"Ìwọ lo máa wà á ni?"

"Rárá, Bàbá."

"Báwo lo ṣe wá mọ bó ṣe ń jẹun?"

Ẹ̀rín pa gbogbo wa, òun náà rín in. Ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ojú bàbá mi ni ó ń wò. Àwọn yòókù náà sì yíjú sí bàbá mi, nítorí pé òun ni ó mú ọmọ náà wá sí àárín wọn.

Bàbá mi ní, "Ọmọ ọwọ́ mi ni. Kò já òwú mi rí. Ẹ jẹ́ ká ká a."

A ká a. Nígbà tí mo ti ilé-ìwé dé lọ́jọ́ náà, mo dúró lẹ́bàá títì, n kò lè lọ. N kò rí ilẹ̀ náà láìsí òwú rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Ó fẹ̀ ju bí mo ti rò lọ. Àwọn ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n wọ bàtà ńlá, wọ́n ń fi ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wo ọ̀kánkán, ọ̀kan nínú wọn sì ń ya àwòrán ilẹ̀ náà láti igun kọ̀ọ̀kan. Katakata dé lóòótọ́. Ó tẹ́ ilẹ̀ náà. Àwọn ọmọdé ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyá mi se ẹ̀bà fún awakọ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, kí bàbá mi tó gbé pákó rẹ̀ jáde, a bá àwọn èèkàn pupa nínú ilẹ̀ káàkiri. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, búlọ́ọ̀kù ti dé. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀, àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n so mọ́ra, tí ẹ̀yìn gbogbo wọn kọ sí àtíbàbà wa.

Àwọn ahunṣọ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Bàbá mi mú mi dání kí n lè ka ohunkóhun tí wọ́n bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ. Kò sí ohun kankan tí wọ́n fún mi kà. Ọ̀gá tí ó dá wa lóhùn kò pariwo mọ́ wa. Ó fi àwòrán ilẹ̀ náà hàn wá, ó sì béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá a rí ènìyàn kan tàbí dúkìá kan lórí rẹ̀. Ó ní ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò ni àwọn bá. Bàbá Àgbà ní kí ó bi káńsẹ́lọ̀ wa, nítorí pé ó wà nínú yàrá náà, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. A dúró de ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu rẹ̀. Ẹnu tí ó ń dá òfì lẹ́kọ̀ọ́, ẹnu tí ó gba nọ́ọ̀sì fún wa, kò ṣí. Fóònù rẹ̀ ni ó ń tẹ̀.

Lójú ọ̀nà ilé, kò sí ẹni tí ó bú bàbá mi. Ó sàn kí wọ́n bú u. Wọ́n ń rìn níwájú, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, èmi àti òun sì wà lẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, tí ó bá dé ibi tí wọ́n jókòó sí, wọ́n á kí i dáadáa, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kí ó tó dé á sì parí. Mo lọ bá olùkọ́ wa, mo ní kí ó bá mi yọ àròkọ mi kúrò lára ògiri. Ó bi mí ní ìdí. Mo ní ó ní àṣìṣe.

Ìgbà tí wọ́n kan páànù àwọn ṣọ́ọ̀bù náà tán ni ìyàwó káńsẹ́lọ̀ wá kí ìyá mi. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ kan kalẹ̀. Ó ní ọkọ òun sọ pé ṣọ́ọ̀bù tí ó wà létí títì jẹ́ ti bàbá wa, pé òun kò lè gbàgbé ẹni tí ó tọ́ òun. Ìyá mi wo kọ́kọ́rọ́ náà títí. Òtítọ́ ni pé ó fẹ́ kí a gbà á. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ìyá mi ní ilẹ̀ ti lọ, kí ni ìyà tún fẹ́ fi wá ṣe? Bàbá mi sọ fún un pé bí a bá lè ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo àdúgbò yóò gbà pé a ti mọ̀ kí a tó ní kí wọ́n ká òwú.

Ó ní kí n tẹ̀ lé òun. A bá káńsẹ́lọ̀ ní iwájú ilé rẹ̀. Kí bàbá mi tó sọ nǹkan kan, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: ọ̀rọ̀ náà ga ju òun lọ, bí òun kò bá fọwọ́ sí i, ẹlòmíràn yóò fọwọ́ sí i, ìlú ń dàgbà, òun kàn ń wá bí tiwa yóò ṣe wà níbẹ̀. Ó sọ ọ́ dáadáa. Bí n kò bá jẹ́ ọmọ bàbá mi, mo lè gbà á gbọ́.

Bàbá mi jẹ́ kí ó parí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ta ló kọ́ ọ pé a kì í jẹ́ kí ilẹ̀ yẹn ṣófo?"

Káńsẹ́lọ̀ wolẹ̀. "Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Ó dáa." Ó gbé kọ́kọ́rọ́ náà lé orí ìjókòó ọ̀kadà rẹ̀, a sì lọ.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Àgbà ni ó gbà lọ tààrà. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Bàbá Àgbà ní, "A mọ̀ pé o kò tà wá. Mo ní ká ká ìdajì, o gbọ́, o sì fi tèmi sílẹ̀ gba tọmọdé. Òun ló dùn mí."

Nísinsìnyí, àdúgbò mìíràn ni bàbá mi ti ń hun aṣọ, lábẹ́ àtíbàbà ọkùnrin kan tí kò tó o lọ́jọ́ orí, ní ibi tí wọ́n bá fi sílẹ̀ fún un. Mo máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un lẹ́yìn ilé-ìwé, a ó sì jọ máa bọ̀ wálé.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, bí a ti ń bọ̀, káńsẹ́lọ̀ rí wa lójú títì. Ó dá ọ̀kadà dúró, ó bọ́ fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku pẹ̀lú aṣọ funfun tí ó wọ̀. Àwọn obìnrin tí wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ń yìn ín, wọ́n ní ẹ wo bí ipò kò ṣe gun ọmọ yìí lórí. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń retí kí bàbá mi wúre fún un kí ó tó dìde, bí àgbà ti máa ń ṣe.

Bàbá mi yà fún un, ó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Èmi náà tẹ̀ lé e. N kò kí i.

Nígbà tí a dé ìkóríta, mo bojú wẹ̀yìn. Ó ṣì wà nílẹ̀.