Ta Ló Ń Mú Agbọ̀n Kún?

Alágbàfọ̀ ni. Àwọn oníbàárà ń pè é ní Ọ̀gá Dákẹ́, nítorí pé bí èèyàn bá kí i, orí ló fi ń dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Bí ó bá lọ ṣòkòtò, ìlà rẹ̀ á gún régé débi pé ẹni tó wọ̀ ọ́ á máa bẹ̀rù àtijókòó.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń gba aṣọ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹlẹ́nu-oyin ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ewu ọmọ: kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èèyàn tí kò ní ìkíni tirẹ̀ lẹ́nu obìnrin náà. A máa béèrè orúnkún tó ń dun bàbá yìí, a máa béèrè ìdánwò ọmọ tọ̀hún.

Ọkọ a máa ráhùn lẹ́yìn tábìlì pé, “Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n o.”

“Agbọ̀n aṣọ tiwa ńkọ́, ọkọ mi? Ta ló ń mú un kún?”

Àìsàn tí a ò kà sí ló gbé obìnrin náà lọ. Ikú burú o. Ó mú ẹlẹ́nu lọ, ó fi aláìsọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, ọkọ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ní ṣọ́ọ̀bù táwọn méjèèjì jọ fi òógùn dá sílẹ̀ kò ní bá ìyàwó òun kú. Ó ń fọ aṣọ mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń rán bọ́tìnnì tó já padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀, àwọn oníbàárà ń dín kù. Wọ́n á gba aṣọ wọn, wọ́n á wo ẹnu ọ̀nà tó ṣófo, wọ́n á lọ, kò sì ní rí wọn mọ́. Kí ló kù tí òun ò ṣe?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, màmá àgbà kan tó ti ń bá wọn bọ̀ tipẹ́ gbé aṣọ wá. Ọ̀gá Dákẹ́ tú u wò.

“Màmá, aṣọ yìí mọ́. Èmi ni mo lọ̀ ọ́ níjọ́sí. Ẹ ò tíì wọ̀ ọ́.”

“Mo mọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń mọ́ tí mo bá gbé e wá. Ìyàwó ẹ ni mo máa ń wá bá sọ̀rọ̀. Mo ní kí n wò ó bóyá ìwọ náà á sọ̀rọ̀.”

Ọkùnrin náà gbé aṣọ náà kalẹ̀. Láti ọjọ́ yìí wá, ìlà ṣòkòtò ló rò pé wọ́n ń tìtorí ẹ̀ wá. Ó wá ọ̀rọ̀ kiri, ó rántí pé ìyàwó òun a máa béèrè ọmọ.

“Ọmọ yín ọkùnrin ńkọ́, Màmá? Ṣé dáadáa ló wà?”

Màmá wò ó títí. “Ọmọ mi ti kú, ọ̀gá. Níwájú ẹ níbí ni mo ti sunkún ẹ̀. Ìyàwó ẹ dì mọ́ mi. Ìwọ ń lọ aṣọ.”

Ìtìjú bò ó. Ó pa áyọ́ọ̀nù, ó jáde lẹ́yìn tábìlì, ó jókòó tì í.

“Ẹ forí jì mí, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ti ọmọ náà fún mi. Mò ń gbọ́.”

“Rárá.” Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Egbò tìẹ ló ṣì tutù. Sọ ti ìyàwó ẹ fún mi ná.”

Ọ̀gá Dákẹ́ la ẹnu. Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò tíì pe orúkọ obìnrin náà síta. Ó pè é báyìí, lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹkún tó bú jáde lẹ́nu rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn tó ń kọjá lójú pópó dúró.