Síkúrù Mẹ́rin Nínú Ọkọ̀ Bàbá Ará Tonga

Mo rántí ìgbà tí òórùn okùn èèpo àgbọn gba ilé wa kan ní Brays Oaks, ní Houston. Bàbá ará Tonga tó ń gbé nísàlẹ̀ wa ló máa ń rẹ ẹ́ sínú ike omi lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn baba ńlá wọn ní erékùṣù Tonga ló ń fi ọkọ̀ onígi àti aṣọ ìgbòkun la òkun Pàsífíìkì já, ìràwọ̀ ni wọ́n ń wò tí wọn kì í ṣìnà. Ẹ́ńjìnnì dé, iṣẹ́ náà ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni bàbá yìí bá baba wọn ṣe nígbà èwe, wọ́n sì ti pinnu pé kí ikú tó dé, ọmọ wọn obìnrin tí wọ́n bí sí Houston gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bẹ̀ mí pé kí n bá àwọn àti ọmọ náà ṣe é. Káfíńtà ni mí, mo ní ṣọ́ọ̀bù sí Stafford. Mo ní kí ló ń jẹ́ ọkọ̀? Sátidé méjì péré, ó parí. Àṣé mi ò tíì rí nǹkan kan.

Wọn ò gbà kí ìṣó kankan wọ ọkọ̀ náà. Igi gígùn kan wà tó ń léfòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó má baà dojú dé. Àwọn igi ìdábùú méjì tó so ó mọ́ ọkọ̀ pàápàá, okùn la ó fi dì wọ́n. Màá lo odindi Sátidé kan lórí ìdì kan. Bàbá á fi ìka tẹ̀ ẹ́, wọ́n á mi orí. “Tú u.” Màá tú u, màá tún un dì. “Tú u.” Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí mò ń sọ lábẹ́ ètè. Ọ̀rọ̀ náà sú mi, ó sì sú ìyàwó mi jù mí lọ.

Ọmọ mi obìnrin náà dá sí i: “Dádì, ẹ ò tíì fix closet tèmi, okùn lẹ̀ ń so kiri. Every Saturday! Ṣé ẹ okay báyìí?”

Mo bi bàbá léèrè pé kí ni ìṣó ṣe wọ́n. Wọ́n ní omi kì í dúró lójú kan, ọkọ̀ tí kò bá lè yí díẹ̀ bá a, yóò kán. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko: mo mọ òwe náà, ẹnu lásán ni mo fi mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo ti kan igi fún ogún ọdún, ta ni yóò wá kọ́ mi ní bí igi ṣe ń dúró?

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì ká gbé e lọ sí etí òkun ní Galveston, èmi nìkan wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo fi síkúrù mẹ́rin de àwọn igi ìdábùú mọ́ ara ọkọ̀, mo sì fi okùn bò wọ́n. Bàbá tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì, wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ọwọ́ rẹ ti ń mọ̀ ọ́n.” Inú mi dùn, ojú ò tì mí rárá.

Nígbà tí a dé Galveston, bàbá àti ọmọ wọn wọ ọkọ̀. Atẹ́gùn gba inú ìgbòkun, ọkọ̀ ń lọ geere. Kò pẹ́ tí ìgbì kan fi gbé e nídìí, igi ìdábùú fọ́ níbi tí síkúrù ti gún un, ọkọ̀ dojú dé. Wọ́n wọ ẹ̀wù tó ń gbé èèyàn léfòó, ẹnikẹ́ni ò fara pa. Ṣùgbọ́n okùn ṣì bo àwọn síkúrù náà, bàbá ò rí wọn; wọ́n jókòó sórí iyanrìn, wọ́n ń wo ọwọ́ wọn.

“Mo ti gbàgbé,” ni wọ́n sọ fún ọmọ wọn. “Ohun tí baba mi kọ́ mi, mo ti gbàgbé. Irọ́ ni mo ń kọ́ ọ.”

Mo gbọ́, mo sì panu mọ́. Lọ́jọ́ kẹta ni mo rí wọn tí wọ́n ń da gbogbo okùn wọn sínú dọ́sítíbìn. Ìyẹn ni mi ò lè gbà mọ́ra. Mo sáré lọ gbé igi tó fọ́ náà wá láti ṣọ́ọ̀bù, mo fi orí síkúrù hàn wọ́n, mo sì dọ̀bálẹ̀. Bàbá fi ìka tẹ̀ ẹ́.

“Ọjọ́ mẹ́ta!” Mi ò gbọ́ kí wọ́n pariwo rí. “O mọ̀, o jẹ́ kí n sùn bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta!”

Wọ́n ní kí n kó okùn wọn jáde nínú dọ́sítíbìn.

Ọkọ̀ náà ń rìn lórí omi báyìí. Ọmọ wọn ló tún un dì, òun ló sì ń wà á. Bàbá ti dárí jì mí, a jọ máa ń rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe síkúrù ló ń dùn mí tí mo bá rántí. Àgbàlagbà gbà fún odindi ọjọ́ mẹ́ta pé òun ti sọ iṣẹ́ baba òun nù, èmi tí mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ sì ń gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá láràárọ̀, mò ń kí wọn pé ṣé dáadáa ni wọ́n jí.