Iyanrìn Tí Wúrà Gbé Lọ sí Oǹdó

Wúrà Adébùsóyè kì í fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́rin la ti jọ wà ní ọ́fíìsì kan ní Alágbàká, síbẹ̀ bí mo bá bá a ra búrẹ́dì, á kọ́kọ́ yí i sọ́tùn-ún sósì wò bóyá mo já nínú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kúkú bá ìwà rẹ̀ mu. Òun ló ń bá ilé iṣẹ́ wa ṣírò ohun tí ìwakùsà máa gbà: tọ́ọ̀nù iyanrìn mélòó la máa fọ̀ kí àlùmọ́nì tí wọ́n fi ń ṣe mọ́tò oníbátìrì tó jáde, báwo ni omi àti ásíìdì ṣe máa pọ̀ tó, èló ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, à ń yẹ ilẹ̀ kan wò lẹ́yìn Ipogun. Lawrence, onímọ̀ nípa ilẹ̀, ló kó iyanrìn inú àwọn ihò tí a gbẹ́ níbẹ̀ lọ sí láàbù. Èsì dé: kílò méjì àlùmọ́nì nínú tọ́ọ̀nù iyanrìn kan. Wúrà yínmú.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kílò méjì yìí dá yín lójú?"

"Ohun tí ilẹ̀ ní nìyẹn. Èmi kọ́ ni mo dá ilẹ̀."

Ara Wúrà kò gbà á. Àṣé ó ti ń bu díẹ̀ nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ó ń kó o pamọ́ sílé ìyá rẹ̀ ní Oǹdó. Ó gbé àpò bíi mélòó kan níbẹ̀ lọ sí láàbù kan náà. Kílò méje!

Ó ní Lawrence ló ń ṣa èyí tó wúwo, tí àlùmọ́nì wà nínú rẹ̀, tà. Èmi náà, kí n má parọ́, mo gbà á gbọ́; mo tiẹ̀ rántí pé Lawrence ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilé rẹ̀. Wúrà kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá wa, mo bá a tẹ̀ ẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi ní kí Lawrence máa lọ sílé, ọkùnrin tó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì.

Ní Sátidé, mo tẹ̀ lé Wúrà lọ sí Oǹdó lọ kó àpò tó kù. A bá ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ilé, wọ́n ń yan ẹ̀pà nínú iyanrìn gbígbóná. Báfù omi pupa kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò wa.

"Káàbọ̀, ọma mi. Mo ń bá ọ fọ ìyókù."

"Ẹ ń fọ kí ni, Màámi?"

"Iyanrìn rẹ. Bí mo ṣe ń fọ tèmi kí n tó yan ẹ̀pà. Mo da omi sí i, mo rú u, mo da ẹrẹ̀ nù, ó wá ku èyí tó wúwo nísàlẹ̀. Mo fọ àwọn tó o kó lọ níjọ́sí náà. Ṣé wọ́n mọ́ dáadáa?"

Ohun tí à ń wá ẹ̀rọ olówó ńlá fún, ìyá ti fi báfù ṣe é. Gbogbo ìṣirò Wúrà dúró lórí báfù yẹn. Ojú tì mí débi pé n kò lè jẹ ẹ̀pà tí wọ́n bù fún mi.

Ilé Lawrence la gbà lọ tààrà. Wúrà kúnlẹ̀, ó fa bírò yọ, ó ní òun á kọ lẹ́tà mìíràn níbẹ̀. Lawrence wo ohun tó ń kọ: Ìyá mi ló fọ iyanrìn náà.

"Ṣé o sọ ohun tó jẹ́ fún Màmá nígbà tó o gbé e fún wọn?"

Wúrà mi orí.

"Kí ló dé?"

"Mo rò pé wọ́n á lọ sọ fún èèyàn."

Wúrà fa ìwé náà ya, ó mú òmíràn, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.