Lọ́rì Tí Kì Í Bàjẹ́

Mẹkáníìkì ni ọkọ ọmọ mi. Tún-un-dè ni wọ́n ń pè é, nítorí bí ọmọṣẹ́ bá de nọ́ọ̀tì tán, á ní kó tún un dè. Ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń gbé. Yàrá mi kọjú sí pálọ̀.

Lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀, géèmù orí tẹlifíṣọ̀n kan ló fẹ́ràn jù. Lọ́rì ni wọ́n ń wà gun òkè nínú rẹ̀, lọ́rì náà kò sì láyọ̀lé. Rédíétọ̀ á jò, bẹ́líìtì á já. Awakọ̀ á sọ̀kalẹ̀, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á tún un ṣe. Bí kò bá de nọ́ọ̀tì dáadáa, táyà á yọ níwájú. Ọmọ mi bi í léèrè pé ta ló ń kúrò níbi iṣẹ́ wá bá iṣẹ́ nílé. Ó ní ti ilé kì í ta epo sáṣọ.

Àwọn tó ṣe géèmù náà ṣèlérí apá kejì. Ọdún mẹ́fà la fi gbọ́ pé ó ń bọ̀. Kò sú Tún-un-dè.

Aránṣọ ni ọmọ mi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti ń ránṣọ, ibẹ̀ ṣókùnkùn, ó sì ti rán apá aṣọ mọ́ ọrùn rí. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pálọ̀ ló ń wù ú, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ibẹ̀ náà ni tẹlifíṣọ̀n àti géèmù wà. Nígbà tó bèèrè rẹ̀, ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sọ̀yà.

"Jẹ́ kí apá kejì dé. Bí kò bá dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ síbẹ̀."

"Bàbá mi, ẹ gbọ́ o," ọmọ mi wí.

Mo ní mo gbọ́.

Apá kejì dé. Tún-un-dè fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá kó tó jókòó. Lọ́rì náà ń dán. Ó gun òkè, ó sọ̀, nǹkan kan ò jò. Ara Tún-un-dè ò balẹ̀. Ó dúró láti yẹ ẹ́ńjìnnì wò, bọ́nẹ́ẹ̀tì ò ṣí. Ó kọ lu àpáta, ibi tó tẹ̀ wú padà fúnra rẹ̀. Níkẹyìn ó mọ̀ọ́mọ̀ wà á já sínú odò. Lọ́rì tún yọ lójú ọ̀nà, ó mọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ yọjú, ó bi í bó ṣe rí. Ó ní ó dùn. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì pẹ́ jù.

Tún-un-dè wá bá mi ní yàrá.

"Bàbá, wọ́n ti bà á jẹ́."

"Kí ni wọ́n bà jẹ́?"

"Lọ́rì náà. Kì í bàjẹ́ mọ́."

Mo ní ohun tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń gbàdúrà fún nìyẹn. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ, kí fèrèsé má baà bọ́ lọ́wọ́ òun.

Èmi ò sọ. Òun náà ló tú ara rẹ̀ fó. Ìyàwó rẹ̀ lọ gbé aṣọ fún oníbàárà, kò bá a nílé, ó yára padà. Ó bá ọkọ rẹ̀ níwájú géèmù àtijọ́, ó pa ohùn rẹ̀, ó ń de nọ́ọ̀tì táyà. Ó fò dìde bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Ọmọ mi ò bínú. Ó mú téèpù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

"Kò tó ti àkọ́kọ́," ọkọ rẹ̀ wí.

"Ó hàn lójú ẹ láti ọjọ́ tó ti dé."

Tún-un-dè fúnra rẹ̀ gbé tẹlifíṣọ̀n lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo bá a di wáyà mú.

Apá aṣọ ti wà ní ipò apá báyìí. Àmọ́ bí ọmọ mi bá rán aṣọ kan tán, á lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sinmi. Apá kejì géèmù náà ló ń fi sinmi. Lọ́rì tí kì í yọ èèyàn lẹ́nu ló bá a lára mu. Ó ń kó ẹrù, ó ń já ẹrù, ó ti kọjá ibi tí ọkọ rẹ̀ dé.

Lánàá, Tún-un-dè ti ibi iṣẹ́ dé, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń retí kó dìde. Ọmọ mi ní ó ku ẹrù kan. Tún-un-dè tẹ́tí.

"Ẹ́ńjìnnì ẹ ń ké o."

"Kò ké."

"Dúró ná, jẹ́ kí n gbọ́ ọ dáadáa."

"Ọkọ mi, lọ wẹ̀."