Ọjọ́ Tí Bàámi Fi Orógùn Gbọ́ Ẹ́ńjìnnì

Bàámi kì í ṣe adití o. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní àwa tó kù nínú ilé ni a ò mọ ọ̀rọ̀ sọ, pé ṣe ni à ń kùn sínú. Bọ́ọ̀sì tó ń kó òṣìṣẹ́ lọ sí iléeṣẹ́ ní Ìkòròdú ni wọ́n ń wà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọn ò sì yé sọ fún wa pé etí ni àwọn fi ń mọ àìsàn ọkọ̀.

Gbogbo Sátidé ni wọ́n máa ń wa ọkọ̀ tiwọn lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ní Ẹ̀pẹ́. Ní àárọ̀ Sátidé kan, Màámi pè mí lórí fóònù.

"Wá gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ bàbá ẹ kí wọ́n tó jáde. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tírélà ń tẹ họ́ọ̀nù lẹ́yìn wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn wá lórí. Ṣé o mọ ohun tí bàbá ẹ wí? Wọ́n ní ọ̀nà yìí mà dákẹ́ lónìí o."

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo gun ọ̀kadà, mo kọrí sílé wọn.

Láti ẹnu géètì ni mo ti ń gbọ́ ọkọ̀ náà. Ó ń wúkọ́, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì ń gbọ̀n bí ìdérí ìkòkò ẹ̀wà tó ń hó. Bàámi jókòó sídìí ọkọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Gbọ́ ohùn rẹ̀! Ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́."

"Bàámi, ẹ́ńjìnnì yìí ò dáa."

"Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ́ńjìnnì ò dáa!"

"Má pariwo mọ́ mi jàre. Ṣé mo dití ni?"

Ṣùgbọ́n wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ojú wọn sì yí padà. Wọ́n ṣí i. Wọ́n ní kí Màámi mú orógùn wá.

"Orógùn ẹ̀bà mi kẹ̀? Ẹ̀yin lẹ máa jẹ ẹ̀bà elépo ọkọ̀ lọ́sàn-án o!"

Bàámi na ọwọ́, wọ́n gba orógùn. Bóyá wọn ò tilẹ̀ gbọ́. Wọ́n fi ẹnu orógùn kan ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi ìdí rẹ̀ ti etí, wọ́n dijú bíi dókítà. Èmi jókòó sídìí ọkọ̀, mo yọ orí lójú fèrèsé, mo ń tẹná díẹ̀díẹ̀. Wọ́n juwọ́ sí mi pé kí n rọra. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kú.

Gbogbo àgbàlá pa rọ́rọ́. Bàámi ò lajú.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni wọ́n wí, wọ́n ń mi orí. "Mo ti ń gbọ́ ọ báyìí. Púlọ́ọ̀gì kejì ni. Gbọ́ bó ṣe ń ta kó-kó-kó."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí débi pé mo gé ètè jẹ. Mo wo Màámi. Wọn ò rẹ́rìn-ín rárá. Ẹ̀rí tí à ń wá nìyí; bí mo bá ti la ẹnu báyìí, kọ́kọ́rọ́ di tèmi. Ẹnu mi ò là.

Bàámi na ọwọ́ kejì láti fi púlọ́ọ̀gì náà hàn mí. Ọwọ́ náà dúró lórí ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì ò gbọ̀n mọ́. Wọ́n lajú.

"Ó ti kú?"

"Ó ti kú, Bàámi."

"Ó ti pẹ́?"

"Kò tíì pẹ́," Màámi yára dáhùn.

Bàámi yọ orógùn kúrò létí, wọ́n fi ẹ̀wù wọn nù ún, wọ́n dá a padà fún Màámi. Ó dùn mí, àfi bíi kí n sunkún. Lẹ́yìn náà wọ́n bọ́ sílípáàsì ẹsẹ̀ kan.

"Ṣáná sí i. Wáyà púlọ́ọ̀gì ni mo fẹ́ máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí mo bá yọ tí ohùn ẹ́ńjìnnì ò yí padà, òun ló ti kú. Ìwọ ni wàá gbọ́ ọ."

Wọ́n fi sílípáàsì di wáyà àkọ́kọ́ mú kí iná má baà gbé wọn, wọ́n fà á yọ, wọ́n tẹjú mọ́ ẹnu mi.

"Ó yí padà?"

"Ó yí padà."

Wọ́n dá a padà, wọ́n yọ ìkejì. Ó yí padà. Wọ́n yọ ìkẹta, ẹ́ńjìnnì ń wúkọ́ rẹ̀ lọ bó ṣe ń wúkọ́ tẹ́lẹ̀.

"Kò yí padà, Bàámi!"

"Ṣebí mo sọ! Mo ní ìkẹta ni."

Mo la ẹnu láti jiyàn. Màámi ti ṣáájú mi.

"Ìkẹta lẹ sọ. Gbogbo wa la gbọ́."

Mo paná. Bàámi fi púlọ́ọ̀gì tuntun sí i, wọ́n ti bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo ti fẹ́ sọ̀kalẹ̀ fún wọn nígbà tí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kejì wọlé, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n sì de bẹ́líìtì.

"Máa wà á lọ," ni wọ́n wí. Wọn ò wò mí. "Ṣùgbọ́n máa sọ bó ṣe ń dún fún mi."

Mo ń sọ ọ́ fún wọn títí a fi dé Ẹ̀pẹ́.