Ọwọ́ Tí Bàbá Àgbẹ̀ Fi Ń Jẹun

Mo ṣì máa ń ṣàárò Ẹdẹ ìgbà èwe mi, ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tó ṣì ń rí mi lára. Mo wá sílé fún ìsinmi láti yunifásítì, dókítà kan sì gbà mí síṣẹ́. Èmi ni mò ń bi àwọn tí iṣan apá wọn ti bàjẹ́ ní ìbéèrè kan náà nípa bí wọ́n ṣe ń lò ó lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ méjì láàárín, láti mọ̀ bóyá ìdáhùn wọn ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá fi hàn pé apá rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ ni wọn yóò gbé lọ sí Ìbàdàn fún iṣẹ́ abẹ.

Àgbẹ̀ kan wá láti Alájùé. Ó já bọ́ lórí ọ̀pẹ, apá ọ̀tún rẹ̀ sì rọ jọwọrọ.

“Bàbá, ọwọ́ wo lẹ fi ń jẹun?”

“Ọ̀tún ni o! Àbí mo jọ ẹni tó ń fi òsì jẹun lójú ẹ, akọ̀wé?”

Gbogbo àwọn aláìsàn tó jókòó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ohun kan náà ló sọ. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀lé mi jáde.

“Akọ̀wé, ẹ má dá a lóhùn. Èmi ni mò ń fi òkèlè sí i lẹ́nu. Ojú ló ń tì í.”

Mo sọ fún dókítà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ìdáhùn méjèèjì bára mu, òótọ́ nìyẹn, apá tó ń jẹun kò nílò iṣẹ́ abẹ. Ó fa igi lé orúkọ ọkùnrin náà nínú ìwé àwọn tó ń lọ sí Ìbàdàn. Mo fojú ara mi rí apá yẹn, síbẹ̀ mo buwọ́ lùwé.

Ìyàwó náà ti di ẹrù Ìbàdàn. Èmi ni wọ́n ní kí n sọ fún un pé kó máa gbé ẹrù náà padà sí Alájùé.